Òtútù Gbígbẹ Kì Í Jí Irúgbìn Róòsì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra òdòdó lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn ló ń gba irúgbìn róòsì lọ́wọ́ ẹbí tó wà ní Kánádà. Wọ́n á kó o sínú fíríìjì ní gbígbẹ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á wá gbìn ín, kò ní hù. Irúgbìn yẹn kò kú o. Ẹ tọ́jú ẹ̀ ni, ẹ ò tíì jí i.

Ọ̀pọ̀ róòsì ló ti ilẹ̀ olótùútù wá. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, tí hóró inú rẹ̀ sì hù lójú ẹsẹ̀, yìnyín yóò pa èhù náà. Ìdí nìyí tí nǹkan fi wà nínú hóró àti èèpo rẹ̀ tó ń dá a dúró. Nǹkan yẹn kì í kúrò àfi bí hóró bá mu omi, tó sì wà nínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀: omi àti òtútù lẹ́ẹ̀kan náà. Ará Kánádà lè gbin tirẹ̀ síta kí yìnyín tó dé, kó sì fi í sílẹ̀. Ọyẹ́ tiwa ò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rẹ hóró sínú omi fún wákàtí 24. Ẹ fi tísù tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sí àárín fíríìjì, níbi tó tutù tó digirí 4 tàbí 5. Ẹ má gbé e sí fírísà rárá! Ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 ni mo máa ń ní kí wọ́n fún un. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí tísù bá ti ń bu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ti yọ gbòǹgbò, ẹ tètè gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, ẹ má ṣí fíríìjì, kò sí ewu. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé ọ̀rá náà lọ sílé ẹni tó ní sólà.

Oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ràn láti kó o wọ fíríìjì, kó lè jáde nígbà tí òjò bá ti ń lọ. Nínú ọ̀rinrin oṣù Kẹfà, ìdí èhù róòsì tètè máa ń jẹrà. Iyanrìn àti ilẹ̀dú ni kí ẹ pò pọ̀, kí hóró má jìn ju ìdajì ínǹṣì lọ, kí ẹ sì fi ìbòòji bò ó lọ́wọ́ oòrùn ọ̀sán. Wọn kì í hù pọ̀ lọ́jọ́ kan. Òmíràn lè pẹ́ ju èkejì rẹ̀ lọ ní oṣù kan tàbí méjì, ẹ má tètè da ilẹ̀ náà nù.

Bó bá jẹ́ pé òdòdó kan pàtó lẹ fẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ ni kí ẹ gé gbìn. Hóró róòsì aládàlù, ìyẹn èyí tí wọ́n fi oríṣi róòsì méjì bí, kì í sábà bí ọmọ tó jọ ìyá rẹ̀.