Lẹ́yìn Èèkàn Kẹjọ: Bí Ìjà Ojúbọ Ṣe Ń Lọ Nínú Pokémon

Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ìtàn ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án kò ṣàjèjì. Wọ́n ní àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló rí i nígbà tó jáde láti inú ọ̀gán, tí wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà. Abori mẹ́sàn-án lorúkọ rẹ̀, àwọn Gun ń pè é ní Avessan, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní àdúgbò Accron títí di òní.

Ọmọ tó dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ojúbọ jẹ́ nígbà tó bá bá mẹ́rin pàdé nínú Pokémon Écarlate tàbí Violet, géèmù tó jáde ní 2022, níbi tí ọmọ ti ń fi bọ́ọ̀lù mú àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ́ Pokémon, tó sì ń fi wọ́n jà. Ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé mímú ni wọ́n fẹ́ mú ti inú géèmù, kí wọ́n sì máa sìn ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò: a ń sin ẹran, a sì ń sin òrìṣà.

Ìtàn tí géèmù náà sọ nípa àwọn ẹ̀dá mẹ́rin yìí ló dára jù nínú rẹ̀. Ọba kan jẹ ní ilẹ̀ Paldea láyé àtijọ́, olójúkòkòrò ni. Oníṣòwò kan láti ìlà-oòrùn gbé ohun iyebíye mẹ́rin wá fún un: wàláà onígi, idà, abọ́ ìrúbọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn èèyàn wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì di ẹ̀dá alààyè. Àrankàn ẹnì kan tí wọ́n fìyà jẹ nítorí pé ó kọ ìwà ibi ọba sára wàláà di ìgbín tó fi ewé gbígbẹ bora, Chongjian nìyẹn. Ìkórìíra àwọn tí idà pa di Baojian, ẹranko oníyìnyín tó fi idà ṣíṣẹ́ ṣe eyín. Ẹ̀rù tó kún inú abọ́ di Dinglu, tó gbé òkúta àti erùpẹ̀ wọ̀. Ìlara tí ìlẹ̀kẹ̀ dá sílẹ̀ di ẹja iná, Yuyu. Orúkọ tó wà nínú géèmù onífaransé nìwọ̀nyí. Ẹni tó ń lo ti Gẹ̀ẹ́sì á rí Wo-Chien, Chien-Pao, Ting-Lu àti Chi-Yu. Nígbà tí wahálà wọn pọ̀ jù, wọ́n sé wọn mọ́ ojúbọ.

Èèkàn ni wọ́n fi sé wọn. Mẹ́jọ ló wà fún ojúbọ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 32, wọ́n sì fọ́n káàkiri ilẹ̀ náà. Àwọ̀ ló ń sọ ti ẹni tó ni ín: aláwọ̀ àlùkò ni ti Chongjian, aláwọ̀ ìyeyè ni ti Baojian, aláwọ̀ ewé ni ti Dinglu, aláwọ̀ ojú ọ̀run ni ti Yuyu. Bó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo tí ọmọ ò tíì hú, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ìrìn yìí máa ń gùn, kò sì sí ìjà nínú iṣẹ́ èèkàn híhú fúnra rẹ̀.

Ìpele 60 ni ẹ̀dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Mẹ́fà péré ni ọmọ lè kó wá nínú àwọn Pokémon tirẹ̀ láti bá wọn jà, nítorí náà yíyan àwọn mẹ́fà yẹn ni ìdajì iṣẹ́. Ẹ̀yà 18 ló wà nínú Pokémon. Ẹ̀yà kan lè ṣe òmíràn léṣe ní ìlọ́po méjì, ó lè ṣe é ní ìdajì, ó sì lè má tilẹ̀ bà á rárá. Ẹ̀dá tó bá ní ẹ̀yà méjì lè gba ìlọ́po mẹ́rin bí ẹ̀yà méjèèjì bá bẹ̀rù ohun kan náà. Gbogbo àwọn tó wà ní ojúbọ ló jẹ́ ẹ̀yà òkùnkùn, tí géèmù onífaransé ń pè ní Ténèbres, nítorí náà ìkọlù aṣeniléṣe tó jẹ́ ti ẹ̀yà Psy, ìyẹn agbára ọkàn, kò ní ran wọn rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni olúkúlùkù ní ẹ̀yà kejì tirẹ̀. Ewé ni ti Chongjian, kòkòrò sì ń ṣe é ní ìlọ́po mẹ́rin. Yìnyín ni ti Baojian. Ẹ̀yà ìjà ló ń ṣe òun ní ìlọ́po mẹ́rin. Dinglu, oní-ilẹ̀, ń bẹ̀rù omi àti ewé. Yuyu, oní-iná, ń bẹ̀rù omi, ilẹ̀ àti òkúta.

Ọmọ tó bá mọ èyí nìkan ló máa ń ṣìṣe jù. Yóò kó èyí tó lè ṣe ìlọ́po mẹ́rin wá, yóò lù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dá ojúbọ á dákú. Bọ́ọ̀lù kì í mú èyí tó ti dákú. Àárẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìṣẹ́gun.

Ohun tó mú kí àárẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ìṣirò. Pokémon kọ̀ọ̀kan ní iye kan tó ń sọ bó ṣe rọrùn tó láti mú. Magicarpe, ẹja tí gbogbo ọmọ mọ̀, ní 255, kò sì sí iye tó ga ju ìyẹn lọ. Ti àwọn ojúbọ yìí jẹ́ 6. Bí ẹ̀mí wọn bá ṣì pé, ìdá kan nínú mẹ́ta iye yẹn ni géèmù máa lò, ó ti di 2 nìyẹn. Bí ẹ̀mí bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń padà sún mọ́ 6. Bó bá ń sùn, géèmù á sọ iye náà di ìlọ́po 2.5, bí ara rẹ̀ bá kú tipiri, ìlọ́po 1.5. Bọ́ọ̀lù náà tún ní tirẹ̀: Poké Ball lásán kò fi nǹkan kan kún un, Hyper Ball ń sọ ọ́ di ìlọ́po 2, Sombre Ball ìlọ́po 3 bó bá jẹ́ lálẹ́ tàbí nínú ihò. Chrono Ball ń lágbára bí ìjà ṣe ń pẹ́, títí yóò fi dé ìlọ́po 4. Ẹni tó ju Poké Ball sí ẹ̀dá tí ara rẹ̀ le ní 2 lọ́wọ́. Ẹni tó mú un dé ẹnu ikú, tó mú un sùn, tó sì ju Sombre Ball lóru, ní ohun tó tó 45. Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà nínú ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ibí yìí ni gbogbo agbára rẹ̀ wà.

Fún mímú ẹ̀mí wálẹ̀, ìkọlù kan tó ń jẹ́ Faux-Chage ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé sílé. Bó ti wù kó le tó, á fi ẹ̀mí 1 sílẹ̀ fún ẹni tó bá lù. Gallame ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó wá fún iṣẹ́ yìí, torí pé ó lè mọ Faux-Chage, Hypnose tó ń múni sùn, àti Cage-Éclair tó ń mú kí ara kú tipiri, pa pọ̀.

Oorun ni ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí. Lẹ́búlẹ́bú amúnisùn kì í ran ẹ̀yà ewé, nítorí náà ẹni tó bá gbára lé Spore níwájú Chongjian yóò kàn fi àkókò ṣòfò. Hypnose ló ń ràn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tàsé. Cage-Éclair kò lè ṣe Dinglu ní nǹkan kan, torí oní-ilẹ̀ ni. Yuyu kì í jóná. Májèlé àti iná ṣì léwu fún ẹni tó ń mú ẹran ju fún ẹran lọ: wọ́n ń jẹ ẹ̀mí ní díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí 1 tí Faux-Chage fi sílẹ̀ á sì bá a lọ.

Àwọn náà kì í dúró wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mọ ìkọlù kan tó ń gé ẹ̀mí ẹni sí méjì gééré. Lẹ́yìn ìyẹn, wíwà wọn lójú ìjà lásán ń fa ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò lára agbára àwọn yòókù. Ìkọlù ara ni Chongjian ń dín kù, ààbò ara ni Baojian. Dinglu àti Yuyu ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí agbára kejì, tí kì í ṣe ti ara: Dinglu sí ìkọlù rẹ̀, Yuyu sí ààbò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjà ojúbọ fi máa ń gba oògùn tó pọ̀ nínú àpò, àti sùúrù.

Èyí kì í tán lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti pa dé. Nínú ìjà méjì-méjì, Chongjian tí ọmọ ti ń sìn ṣì ń dín ìkọlù ẹnikẹ́ni tó bá wà lójú ìjà kù, àní ẹnì kejì rẹ̀ tó dúró tì í. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde gbọ́dọ̀ wá alábàájà tí kì í fi agbára ara jà.