Wolé-wolé Ló Ṣáájú: Ibi Tí Fífi Owó Ìlú Yẹ Ilẹ̀ Wò Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí àṣà kí ìjọba máa fi owó ìlú yẹ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ wò, kí wọ́n tó tún kọ́lé sí i, ti ṣẹ̀ wá. Amẹ́ríkà ni yóò darí yín sí. Lóòótọ́, wọ́n sọ ọ́ di ètò tó lórúkọ níbẹ̀. Lójú tèmi, ìdí ọ̀rọ̀ náà jìn ju ìyẹn lọ, gbòǹgbò rẹ̀ kan sì wà nílé Olúyọ̀lé.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀, orí ilẹ̀ àpatì ló jókòó sí. Ìlú tí Lágelú tẹ̀ tú, àwọn tó ṣẹ́kù sá gun òkè, wọ́n ń jẹ òro, wọ́n ń jẹ ìgbín. Oríkì wa kò gbàgbé. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá bá ìlú tí àwọn onílé ti sá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí àyíká Ọjà'ba. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ẹni tó wọ ilé onílé tó ti dahoro, kí ni yóò kọ́kọ́ béèrè? Kí ló lé wọn jáde ni. Ṣé ogun ni, àbí àrùn? Mo gbà pé inú ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn àgbà wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n á dá Ifá sí i, wọ́n á wo ohun tó ń hù lórí rẹ̀, wọ́n á tọ́ omi ibẹ̀ wò. Bó bá sì gba ètùtù tó kan gbogbo ìlú, agboolé ló ń dá owó rẹ̀ jọ, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Èdè wa jẹ́rìí sí i. Ilẹ̀ là ń pe ibi tí à ń tẹ̀, ilẹ̀ náà là ń pe pàǹtí tí a gbá jọ tí a lọ dà sí ààtàn. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n fún àrùn Ṣànpọ̀nná: ilẹ̀gbóná. Àlàyé tí gbogbo ayé ń ṣe ni pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti dárúkọ òrìṣà náà. Mo gbà á, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n mú? Láyé ìgbà tí àrùn náà ṣì wà, ẹni tí ilẹ̀gbóná bá pa, wọn kì í sin ín sínú ilé. Inú igbó ni àwọn olórìṣà ń gbé e lọ. Lójú mi, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yìí mọ̀ pé àìsàn lè fara pa mọ́ sínú ilẹ̀ kó máa dúró de ẹni tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni wolé-wolé dé, láyé òyìnbó. Ìyá mi àgbà sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń wọ agboolé wọn ní Bẹẹrẹ nínú ṣòkòtò kákí péńpé. Wolé-wolé á ṣí ìdérí àmù, á fi ife bu omi, á gbé e sójú oòrùn. Bí tanwíji bá ń jó nínú rẹ̀, ó di kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, pílánù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé iwájú wọn. Baálé ilé kì í san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò náà. Owó orí tí gbogbo ìlú san ni wọ́n fi ń sanwó oṣù fún wọn. Òun nìyẹn: owó ìlú ni wọ́n fi ń yẹ ilé aládàáni wò, torí àìsàn ilé kan kì í dúró sí ilé náà.

Àwọn kan sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wolé-wolé ti wá. Bó ti wù kó rí, ọwọ́ wa ló bọ́ sí, àwa la fún un lórúkọ.

Ti Amẹ́ríkà kò gùn. Ilé iṣẹ́ kan da pàǹtí kẹ́míkà sínú kòtò Love Canal ní ìlú Niagara Falls, ó bò ó, ó sì ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní 1953 ní dọ́là 1 péré. Wọ́n kọ́ ilé ìwé síbẹ̀. Ní 1978, wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò. Òfin tó tẹ̀ lé e ní 1980 di ẹrù ìtọ́jú lé ẹni tó bá ni ilẹ̀ lórí, kódà bí kì í bá ṣe òun ló bà á jẹ́. Ni àwọn olùrà bá ń sá, ni báǹkì ò bá yáni lówó, ilẹ̀ sì ń hu koríko. Ìyẹn ló mú kí ìjọba àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìlú lówó àyẹ̀wò láti 1993, bẹ̀rẹ̀ láti Cuyahoga ní Ohio: wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwé àtijọ́, wọ́n á bi àwọn aládùúgbò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ erùpẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Òfin 2002 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Kókó, ìlú èbúté kan ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ló mú òfin 58 ti 1988 wá, èyí tó dá àjọ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀. Òfin 86 ti 1992 ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ní Olódó níbí, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ ilẹ̀ tí wọ́n da ìdàrọ́ òjé bátìrì (pàǹtí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́ òjé) sí wò, wọ́n sì bá òjé tó pọ̀ lápọ̀jù nínú rẹ̀. Wọ́n ní òjé tó bá bọ́ sọ́wọ́ olóòṣà kò ṣeé bọ́. Èyí tó bọ́ sínú ilẹ̀ kì í tètè lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ra ibi tí àwọn rẹ́wáyà ti ń ṣe bátìrì ládùúgbò mi, ó fẹ́ fi kọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ti sanwó sọ̀fíyọ̀, ó ti sanwó lọ́yà, ó ti fún ọmọ onílẹ̀ ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, èèpo bátìrì dúdú ló ń jáde, erùpẹ̀ tó yí i ká funfun bí eérú. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ yìí wò ná.” Ó wojú mi, ó ní, “Àbúrò, ta ló máa sanwó ẹ̀?” Àwọn lébìrà ti ń fi ṣọ́bìrì kó èèpo náà sínú gọ́tà.