IBU: bí wọ́n ṣe ń wọn ìkorò ọtí, àti bí ewúro ṣe ń da òṣùwọ̀n náà rú

Ẹni tó bá ti fọ ewúro rí mọ̀ pé ìkorò ń gba ibì kan jáde. Wàá rún un, wàá bomi sí i, yóò máa hó bí omi ọṣẹ. Omi àkọ́kọ́ á ṣú bí àgbo, èkejì á mọ́ díẹ̀, títí ewé náà yóò fi ṣeé sè lọ́bẹ̀. Ohun tó ń bá omi yẹn lọ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń pọn bíà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lítà 10 lẹ́ẹ̀kan. (Ìlú onítẹ̀bọmi ni ìlú wa láti ayé àwọn míṣọ́nnárì, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé la ń dáná sí, a kì í pariwo.) Ọkà bàbà la fi ń ṣe mọ́ọ̀tì (ọkà tí a jẹ́ kó hù, tí a wá sá gbẹ), ewúro àti orógbó ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí họ́ọ̀pù, ìtànná tó ń mú ọtí korò, ń ṣe nínú bíà ilé-iṣẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń tọ́ ọ wò kì í yé béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, IBU rẹ̀ tó mélòó?” Mi ò lè fún wọn ní nọ́ńbà kankan, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

IBU (International Bitterness Units) ni lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn apọntí káàkiri ayé fi ń sọ bí bíà ṣe korò tó. IBU kan dà bí ẹni sọ pé mílígíráàmù kan ohun kíkorò tó ti ara họ́ọ̀pù wá ló wà nínú lítà ọtí kan. Bíà fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbi ìnáwó kì í sábà ju 25 lọ. Pilsner, bíà àwọn ará Czech, lè wà láàárín 30 sí 45. IPA, irú bíà tí àwọn tó fẹ́ràn ìkorò ń wá kiri, lè tó 70.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn: “tó ti ara họ́ọ̀pù wá.” Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà.

Họ́ọ̀pù jẹ́ ìtànná ewéko kan tó ń fà mọ́ okùn bí iṣu ṣe ń fà mọ́ ọ̀pá. Nínú ìtànná náà ni ìyẹ̀fun kan wà tó ní àwọ̀ ìyeyè, alpha acid sì wà nínú ìyẹ̀fun yẹn (kò kan ààfáà àdúgbò o). Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé alpha acid fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú omi, kò sì korò tó bí a ṣe rò. Àfi kó hó lórí iná. Bó ṣe ń hó, àwọn èròjà rẹ̀ á tún ara wọn tò: kò sí èyí tó wọlé, kò sí èyí tó jáde, síbẹ̀ ó ti di nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Lẹ́tà kan náà ni, àmì orí wọn nìkan ló yí padà, ìyàwó sì mọ èyí tí yóò gbé lọ sóko nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó tún ara rẹ̀ tò yìí ló ń yọ́ nínú omi, òun ló sì ń korò. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀pù fi ń pẹ́ tó wákàtí kan lórí iná.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní họ́ọ̀pù yín jẹ́ gíráàmù 10, tí alpha acid inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Gíráàmù kan nìyẹn, ìyẹn mílígíráàmù 1,000. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yí padà tó sì ń dúró nínú ọtí. Ká fi í sí ìdá mẹ́rin kan, ó ku 250. Ẹ pín in sí lítà 10: IBU 25 lẹ ní.

Ṣé ẹ lè ṣe irú ìṣirò yìí fún ewúro? Rárá o. Ewúro kò ní alpha acid kankan. Àwọn èròjà tirẹ̀ ti korò kó tó kúrò lórí igi, omi tútù pàápàá ń fà wọ́n jáde, bí gbogbo alásè ṣe mọ̀. Bí a bá sì gbé ọtí náà lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, ẹ̀rọ kò mọ adùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á fi kẹ́míkà olómi kan tí kì í pò mọ́ omi fa ohun kíkorò jáde lára ọtí, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí gbà á kọjá, wọ́n á wo ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì, wọ́n á wá sọ nọ́ńbà yẹn di ìlọ́po 50. Fún họ́ọ̀pù, ó ṣe rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá gbé irú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì ni ẹ̀rọ máa kà, ìbáà korò, ìbáà má korò. Ìkorò tó bá sì kọ̀ tí kò bá kẹ́míkà yẹn jáde, kò ní rí i rárá. Nọ́ńbà tó bá gbé wá fún ọtí ewúro kò ju àbá lọ.

Kí ló dé tí a ò kúkú gbin họ́ọ̀pù? Oòrùn wa ni kò gbà. Ewéko yẹn ń fẹ́ kí ọ̀sán gùn gan-an kó tó tanná dáadáa, ó sì tún ń fẹ́ òtútù tí yóò fi sinmi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún fi díẹ̀ ju wákàtí 12 àtààbọ̀ lọ. Amẹ́ríkà àti Jámánì ló ń kórè rẹ̀ jù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de bálì láti òkè òkun ní 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yà sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ó sì ṣiṣẹ́. Họ́ọ̀pù ni wọn ò rí irú ìyẹn rọ́pò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ní yunifásítì wa ti dán ewúro àti orógbó wò. Kì í sì í ṣe pé họ́ọ̀pù bá bíà dáyé. Oríṣiríṣi ewé igbó ni àwọn ará Yúróòpù ń kó sínú ọtí wọn tẹ́lẹ̀, kó tó di pé òfin Bavaria ní Jámánì ọdún 1516 sọ pé bálì, omi àti họ́ọ̀pù nìkan ni kó wà nínú bíà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi ewúro ṣe é, bí ẹni ń se họ́ọ̀pù la ṣe é. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ewé tútù, wákàtí kan lórí iná. Ìyá mi gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò, wọ́n fi imú fà á. “Àkànní, ta ni ibà ń ṣe?” Ó ti di àwọ̀ àgbo lóòótọ́, ó ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó jóná. A dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní báyìí, ewúro kì í dé orí iná wa mọ́. Ibòji la ń sá a sí títí yóò fi gbẹ. Bí ìwúkàrà bá ti mú ọtí hó tán tó sì ti rọlẹ̀, a ó da omi híhó sórí gíráàmù 10 ewé gbígbẹ, ìwọ̀n mílílítà 200, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ká wá fi asẹ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ. A ó bu mílílítà 200 ọtí sínú ife mẹ́ta, a ó fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán omi ewúro sí i: mílílítà 1, 2, 3. Bí ti ife kejì bá dùn mọ́ wa lẹ́nu, ìlọ́po 50 ife ni lítà 10, nítorí náà mílílítà 100 la ó dà sí gbogbo rẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò nígbà tó ṣì jẹ́ omi mọ́ọ̀tì. Ṣúgà inú rẹ̀ á bo ìkorò mọ́lẹ̀, ẹ ó sì bù ú jù. Ohun tí ń hó bí ọṣẹ nínú ewúro yẹn tún ń mú kí ìfófòó ọtí pẹ́ nínú ife. Èyí dùn mọ́ mi ju ìkorò rẹ̀ gan-an lọ.

Orógbó yàtọ̀. Ní Ọ̀yọ́, òun ni wọ́n ń fún Ṣàngó, kì í jẹ obì. Bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìkorò rẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu, ó sì ń fún ahọ́n pọ̀. A ń bó èèpo rẹ̀, a ń rin ín, a ń sá a. Àléébù rẹ̀ ni pé ọtí á ṣú bí omi ìrẹsì bó bá ti tutù nínú fíríìjì, torí ohun tó ń fún ahọ́n pọ̀ yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ èròjà ara ọkà.

Iṣẹ́ kan ṣì wà tí họ́ọ̀pù ń ṣe tí IBU kò sọ gbangba: ó ń dí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọtí di kíkan lọ́wọ́. Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn tó ń mú omídùn kan, àwọn ló sì ń jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yára kan. Orógbó àti ewúro ní irú agbára bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gbára lé e. Gbogbo ohun tó máa kan ọtí lẹ́yìn tó kúrò lórí iná la ń fi omi gbígbóná ṣan, a sì ń mu ọtí náà tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bákan náà, ẹ ra èéhù ọkà bàbà dànù kí ẹ tó lọ̀ ọ́, májèlé wà nínú rẹ̀. Èèpo igi tí ẹ ò bá sì mọ̀, pé ó korò kò sọ ọ́ di ohun mímu.

Lára ìgò wa, níbi tí IBU ì bá wà, ohun tí a ń kọ ni “ewúro gbígbẹ, gíráàmù 5, lítà 10.” Ìyá mi fi ṣíbí tọ́ èyí tó gbẹ̀yìn wò, wọ́n pọ́n lá. Wọ́n ní ó ku iyọ̀ díẹ̀.