"Màléríà àti taifọ́ọ̀dù" tí wọ́n máa ń sọ fún wa ní láàbù yẹn

Kò sẹ́ni tó ń gbé Nàìjíríà tí ò tíì gbọ́ ọ rí. Ara ń gbóná, orí ń fọ́, ẹnu korò, èèyàn sáré dé láàbù ẹ̀bá ilé, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà èsì ti dé, màléríà àti taifọ́ọ̀dù ni, "taifọ́ọ̀dù yín ti di 1:160". Ó di kẹ́míìsì nìyẹn, Coartem fún màléríà, Cipro fún taifọ́ọ̀dù, àwọn mìíì á tún fi dríìpù lé e, tó bá sì ṣe díẹ̀ wọ́n á ní taifọ́ọ̀dù yẹn tún ti gbérí. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti wá gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ló ń gbé, pé ó kàn máa ń sùn tó máa ń jí ni. Irọ́ ni o. Èsì yẹn gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà.

Tẹ́ẹ̀sì yẹn ń jẹ́ Widal, dókítà ará Faransé kan, Fernand Widal, ló gbé e jáde lọ́dún 1896. Kì í wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ohun tó ń wá ni antibody, ìyẹn nǹkan tí ara wa ń ṣe jáde láti fi bá kòkòrò jà. Wọ́n á da omi inú ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ mọ́ òkú kòkòrò taifọ́ọ̀dù, tó bá ti ṣù pọ̀ wọ́n á ní ó wà níbẹ̀. 1:160 tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn kì í ṣe iye kòkòrò tó wà lára yín, kò ju pé wọ́n bomi là á débi ìlọ́po 160, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé antibody kì í tètè kúrò lára. Ẹni tó ti ní taifọ́ọ̀dù sẹ́yìn lè ṣì ní in, ẹni tí Salmonella mìíì, ìyẹn àwọn kòkòrò tó bá ti taifọ́ọ̀dù tan, mú lè ní in, kódà màléríà lásán lè mú kí Widal ṣù. Níbi tómi ò ti mọ́ bíi tiwa yìí, ẹ lè fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì rí 1:80. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí bí ọjọ́ 10 sí 14 wà láàárín, kí nọ́mbà kejì tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, bíi kó kúrò ní 1:40 kó di 1:160. Nínú gbogbo àwa tá a ti ṣe é, ta ni wọ́n tíì pè padà fún ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Èsì táwọn èèyàn máa ń fọ̀ ni pé "ṣebí mo lo oògùn taifọ́ọ̀dù yẹn, ara mi sì yá". Ó yé mi. Ṣùgbọ́n Coartem àti Cipro lẹ jọ lò pọ̀, tó bá jẹ́ màléríà nìkan ló wà níbẹ̀, Coartem á ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Cipro á wá gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, ibà tí fáírọ́ọ̀sì fà ni, tí ì bá lọ fúnra ẹ̀ tẹ́ ò bá tiẹ̀ lo nǹkan kan, agbo tẹ́ ẹ mu lọ́jọ́ yẹn náà á sì máa gba ọpẹ́. Ẹnì kan ò lè fi ara ẹ̀ nìkan mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kó ọ̀pọ̀ aláìsàn jọ, wọ́n á pín wọn sí méjì láìṣojúsàájú, àwọn kan á lo oògùn, àwọn kan ò ní lò ó, wọ́n á wá ka àwọn tára wọn yá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dán oògùn streptomycin wò fún ikọ́ ife ní Britain, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1948. Kì í sì í ṣe pé wọ́n kórìíra ewé o, ewé táwọn ará Ṣáínà ń lò fún ibà ni Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, yẹ̀ wò fínnífínní tó fi rí oògùn artemisinin nínú ẹ̀, ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015, ìran artemisinin yẹn ló sì wà nínú Coartem.

Mi ò sọ pé taifọ́ọ̀dù ò sí. Ó wà, inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn ló ń bá wọlé, tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ ó lè dá ìfun lu, ìyẹn dẹ̀ ń pa èèyàn. Tẹ́ẹ̀sì tó ń wá kòkòrò náà gan-an ni blood culture, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní ohun tí kòkòrò ń jẹ, wọ́n á dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó hù. Ó wọ́n ju Widal lọ, ó sì lè má rí bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti gbé antibiotic, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò bíi Cipro, mì tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tó bá rí i, ó tún máa sọ oògùn tó lè pa á. Ní Sindh ní Pakistan, láti 2016, taifọ́ọ̀dù kan ti wà tí Cipro ò ràn, tí abẹ́rẹ́ ceftriaxone náà ò ràn. Bá a ṣe ń gbé Cipro mì fún 1:80 yìí, tí kòkòrò fi ń mọ́ ọn lára, ọ̀nà ibẹ̀ là ń tọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí Widal máa ń bò mọ́lẹ̀. Ibà Lassa tó ń yọ àwọn ará Ondo lẹ́nu, àgàgà agbègbè Ọ̀wọ̀, bíi màléríà àti taifọ́ọ̀dù ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ti fún ní 1:160 á jókòó sílé máa lo Cipro, bẹ́ẹ̀ oògùn Lassa, tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Tí wọ́n bá ní taifọ́ọ̀dù ni, ẹ rọra sọ pé "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ṣe blood culture kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn?" Tí ibà bá sì kọjá ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn oògùn màléríà, tàbí inú ń run yín, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbikíbi lára yín, ẹ má padà sí láàbù ẹ̀bá ilé yẹn, ọsibítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ.