Gírìn pẹ́pà àbí tàtàṣé? Irúgbìn wo ni kí n rà? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tá à ń gbin ata tà

Àwọn tó ń múra àtigbin ata fún títà ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti agbègbè wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, irúgbìn wo ló dáa jù?" Àwòrán ata ńlá tó ń dán lára tíìnì ló sì máa ń fà wọ́n lójú mọ́ra, wọ́n á rà á, wọ́n á gbìn ín, òdòdó á yọ, òdòdó á já dànù, owó á lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an tórí pé ẹni yẹn ò ya ọ̀lẹ rárá, irúgbìn tó rà ni ò bá ilẹ̀ ẹ̀, ìgbà tó gbìn ín àti kọ́sítọ́mà ẹ̀ mu. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń rú èèyàn lójú jù jọ síbí.

Ìbéèrè: Mo rí gírìn, yẹ́lò, pupa àti aláwọ̀ ọsàn ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ṣé irúgbìn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni?

Bell pepper ni gbogbo wọn, òun náà ni wọ́n ń pè ní gírìn pẹ́pà. Gírìn yẹn kì í ṣe irú kan lọ́tọ̀ o, ata tí ò tíì pọ́n ni. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí igi, òmíì á di pupa, òmíì á di yẹ́lò, òmíì á dà bí ọsàn, ohun tó wà nínú irúgbìn ẹ̀ ló máa sọ èyí tó máa dà. Ẹni tó ra irúgbìn tó ń di yẹ́lò lè ká a ní gírìn kó tà á, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àkókò ni wàhálà ibẹ̀. Lẹ́yìn tí gírìn bá ti tó ká, ó ṣì máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó pọ́n tán, gbogbo ọjọ́ yẹn ni oòrùn lè jó o, kòkòrò lè gún un, ó lè jẹrà, igi tí èso tó ń pọ́n bá sì pọ̀ lórí ẹ̀ kì í tètè so òmíì. Ìdí tí aláwọ̀ fi wọ́n nìyẹn. Òótọ́ ni pé ó dùn ju gírìn lọ, vítámìn C inú ẹ̀ náà pọ̀ jù ú, ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá ní kọ́sítọ́mà tó máa san owó ìdúró yẹn, ẹ ká a ní gírìn.

Ìbéèrè: Tàtàṣé ńkọ́? Ṣé òun náà kọ́ ni bell pepper?

Ìbátan tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Capsicum annuum làwọn onímọ̀ ń pe àwọn méjèèjì, ṣọ̀mbọ̀ náà wà níbẹ̀, ata rodo ló dá wà, Capsicum chinense ni tiẹ̀. Àmọ́ tó bá dọjà, wọn ò jọra rárá. Tàtàṣé máa ń gùn, ìdí ẹ̀ máa ń ṣóńṣó, ara ẹ̀ ò nípọn púpọ̀, ó máa ń pọ́n dáadáa, òun ló ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀. Bell ló jẹ́ onígun, ara ẹ̀ nípọn, omi inú ẹ̀ sì pọ̀. Ẹ gbé bell pupa lọ bá ìyá alátà ní Bódìjà tàbí Mile 12, á tẹ̀ ẹ́ wò, á là á, á ní omi lásán ni, ọbẹ̀ ò ní ki, iye tó máa dá lé e ò sì ní dáa. Tàtàṣé tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ló mọ́ ọn lára, òun làwọn oníbàárà ẹ̀ náà ń béèrè.

Àwọn tó ń fẹ́ bell ni hòtẹ́ẹ̀lì, súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń se fráìdì ráìsì fún òde àríyá, àwọn tó ń ṣe pízà. Àwọn tó ń se ayamáṣe náà ń ra gírìn, ṣùgbọ́n wọn ò wo igun mẹ́rin ní tiwọn, àwọ̀ gírìn tó ṣú tí ò tíì máa yípadà ni wọ́n ń wá.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn, ẹ lọ bá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má kàn bi í pé "ṣé ẹ máa ń ra ata?", gbogbo èèyàn ló máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kó mú èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn jù jáde nínú fíríìjì ẹ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ là á kẹ́ ẹ wo bí ara ẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹ bi í léèrè iye kílò tó ń rà lọ́sẹ̀ àti ọjọ́ tó ń rà á. Ata tẹ́ ẹ wọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ wá fi wé ohun tí wọ́n kọ sára irúgbìn. Tí kò bá sí kọ́sítọ́mà bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, tàtàṣé ni kẹ́ ẹ gbìn jàre, ìgbàkígbà lọjà ẹ̀ wà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ata tó ní igun 3 lábẹ́ lakọ, tó ní 4 labo, pé abo ló dùn. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Òdòdó ata kọ̀ọ̀kan ló ní akọ àti abo nínú ara ẹ̀, èso tó jáde látinú ẹ̀ kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Orí igi kan náà lẹ ti lè ká oní 3 àti oní 4. Ó kàn jẹ́ pé àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn oní 4 torí ó máa ń dúró dáadáa nínú pálí, torí ẹ̀ làwọn ilé iṣẹ́ irúgbìn fi máa ń kọ ọ́ sára tíìnì.

Ìbéèrè: Tí mo bá gbin bell sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ̀mbọ̀ tàbí rodo, ṣé kò ní máa ta?

Èyí tẹ́ ẹ ká lọ́dún yìí ò ní ta. Ara ata tí à ń jẹ, ti igi tó so ó ni, kóró inú ẹ̀ nìkan ni igi kejì dá sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tọ́jú kóró yẹn tẹ́ ẹ gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tí ṣọ̀mbọ̀ ti bá da òdòdó pọ̀ máa so ata tó ń ta, torí títa máa ń borí àìta. Rodo kì í tètè bá bell dà pọ̀ bíi ti ṣọ̀mbọ̀. Ẹni tó bá ń ra irúgbìn tuntun lọ́dọọdún ò ní kí ọkàn ẹ̀ máa ṣe ségesège lórí èyí.

Ìbéèrè: Igi mi dára, ewé ẹ̀ dúdú minijọ, òdòdó yọ, gbogbo ẹ̀ já bọ́. Kí ló fà á?

Ooru ló sábà máa ń fà á. Tí ọ̀sán bá ti ń kọjá 32°C, tí òru náà ò sì tutù, tó ń wà ní 24°C sókè, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó bell á ti bàjẹ́, ibi tí òdòdó ti so mọ́ igi á di yẹ́lò, á já. Òru yẹn lèèyàn kì í rò. Ẹ̀yin á bomi rin, ẹ̀ẹ́ fi fatiláísà sí i, ewé á túbọ̀ máa dára, èso ò ní sí, torí kì í ṣe ebi ló ń pa igi. Ìdí nìyẹn tí ata yìí fi ń ṣe dáadáa ní Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, òru ibẹ̀ tutù. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní oṣù kejì sí ìkẹrin ò lè rí bẹ́ẹ̀ láé.

Ohun tó ṣeé ṣe níbí ni kẹ́ ẹ ṣe nọ́sìrì ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ 5 sí 7 lẹ ó fi tọ́jú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ́ ọ, kó lè jẹ́ pé oṣù kọkànlá sí ìkejìlá ni òdòdó á máa yọ, nígbà tí òru ti ń tutù bọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ní omi o, ọyẹ́ ò ní ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ní ti irúgbìn, ẹ wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ilẹ̀ olóoru, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé èyí tí èso ẹ̀ kéré díẹ̀ máa ń so nínú ooru ju àwọn ràgàjì lọ, mo fara mọ́ ọn kéèyàn ká ata tó mọ níwọ̀n púpọ̀ ju kó máa retí ńlá tí ò ní wá. Ẹ tún wo bóyá ewé ẹ̀ pọ̀ tó láti bo èso, torí èyí tí oòrùn bá rí lójúkojú máa ń ní àbààwọ́n funfun gbẹrẹfu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sẹ́ni tó ń ra ìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ni HR, IR, Tm, PVY, TSWV, Xcv tí wọ́n ń kọ sára tíìnì?

Ibí yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kà ṣáájú àwòrán! HR túmọ̀ sí pé igi yẹn lágbára gidi sí àìsàn tí wọ́n dárúkọ, IR túmọ̀ sí pé agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n, tí àìsàn bá pọ̀ á mú un. Tm ni fáírọ́ọ̀sì tábà àtàwọn ìbátan ẹ̀, ara kóró àti ọwọ́ èèyàn ló ń gbà wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mu sìgá fọwọ́ kan nọ́sìrì yín láìfi ọṣẹ fọwọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni TSWV náà, kòkòrò tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní thrips ló ń gbé e, tí ooru bá sì mú gan-an, agbára igi sí i máa ń dínkù. Xcv ni àmì dúdúdúdú tó ń wà lára ewé nígbà òjò tí ewé á wá máa já sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin bell lásìkò òjò tí kò rí Xcv lára irúgbìn, kó dá a padà sórí káńtà.

Fáírọ́ọ̀sì ni PVY àti òmíì tó ń jẹ́ PVMV, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi ara ewé ló ń gbé àwọn méjèèjì. PVMV yìí, Gánà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní 1971, ó sì gbilẹ̀ dáadáa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sábà rí i lára tíìnì tó wá láti òkè òkun. Ìṣẹ́jú péréte ni kòkòrò yẹn fi ń kó o ran igi, oògùn tẹ́ ẹ fín ò ní tíì pa á tó fi máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀ tán. Ẹ gbin àgbàdo yí oko ká, kó ti ga díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ́ ata, ara àgbàdo ni kòkòrò á ti kọ́kọ́ nu ẹnu ẹ̀.

Àìsàn mìíràn wà tí igi á kàn rọ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ewé tútù lórí. Ẹ gé ìdí igi yẹn, ẹ fi í sínú ife omi tó mọ́, ẹ má mì í. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó ń ṣàn bọ̀ látojú ibi tẹ́ ẹ gé bí èéfín tín-ín-rín, bakitéríà inú ilẹ̀ ni, kò sí oògùn ẹ̀. Ẹ má gbin ata, tòmátì tàbí ìgbá síbẹ̀ mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ gbin àgbàdo.

Ìbéèrè: Ewé orí ata mi ń ká kò. Ṣé irúgbìn ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ já ewé kékeré tó wà lókè pátápátá, ẹ yí i padà sójú oòrùn. Tí etí ẹ̀ bá ká sí ìsàlẹ̀, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi báàbà, tó sì le, kòkòrò kékeré tó ń jẹ́ mite ló wà níbẹ̀, ojú lásán ò lè rí i, oògùn kòkòrò tí à ń lò fún ohun gbogbo kì í sì pa á. Sọ́fà (sulphur) tàbí oògùn abamectin ló ń ṣiṣẹ́ fún un, ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n ara ìgò. Tó bá jẹ́ pé yẹ́lò àti gírìn ló dà pọ̀ gátagàta lára ewé, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, ẹ fà á tu kẹ́ ẹ gbé e jáde nínú oko.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tọ́jú irúgbìn fúnra mi? Hybrid ti wọ́n jù.

California Wonder tí wọ́n gbé jáde ní 1928 àti Yolo Wonder, ẹ lè tọ́jú tiwọn, tẹ́ ẹ bá ti gbìn wọ́n jìnnà sí ṣọ̀mbọ̀, tó sì jẹ́ igi tí kò ṣàìsàn lẹ mú un lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ F1 sí lára, ìyẹn hybrid tí wọ́n fi irú ata méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, ni kẹ́ ẹ má dán wò, tẹ́ ẹ bá tún un gbìn, òmíì á tóbi, òmíì á gùn, òmíì á kéré, agbára àìsàn tẹ́ ẹ sanwó fún náà á fọ́nká.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí ìlà bá jìnnà síra ní 75 sẹ̀ǹtímítà, tí igi jìnnà sí igi ní 50, éékà kan á gba bí igi 10,800. Ẹ fi àwọn tó máa kú ní nọ́sìrì kún un, ẹ nílò nǹkan bíi kóró 12,500, gíráàmù kan sì ní nǹkan bíi kóró 150, ìyẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 85. Ẹ gbé owó ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fatiláísà, omi àti àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ó rí i pé kì í sábà jẹ́ òun ló pọ̀ jù. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní kọ́sítọ́mà tó dájú àti omi, kó ra F1 tó ní agbára àìsàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń tà sọ́jà gbangba, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tàtàṣé tí kì í ṣe hybrid. Kẹ́ ẹ sì yà sí NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn, láti 1975 ni wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ àti èso.

Ìbéèrè: Greenhouse, ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ńkọ́?

Irúgbìn tiẹ̀ yàtọ̀, igi ẹ̀ ń gòkè lọ láìdúró, okùn lẹ ó fi so ó, ẹ̀ka 2 lẹ ó fi sílẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ìta gbangba. Ẹ sì rántí pé ọ̀rá bíbò láìsí atẹ́gùn tó ń wọlé máa ń gbóná ju ìta lọ níbí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé irúgbìn tí mo rà ṣì dáa?

Ẹ wo ọdún tí wọ́n dì í àti nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ẹ gba rìsíìtì, ọ̀dọ̀ ẹni tí NASC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó irúgbìn, fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ sì ti rà á. Nílé, ẹ ka kóró 50, ẹ fi tíṣù tútù wé e, ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ẹ gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ó kéré tán 40 gbọ́dọ̀ ti hù. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé tíìnì àti rìsíìtì yín padà lọ bá ẹni tó tà á kẹ́ ẹ tó da ìyókù sí nọ́sìrì.