Ṣé òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ PHC, ìyẹn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àdúgbò yín ń ṣiṣẹ́ pọ̀? Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè: Àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ káàkiri àdúgbò) tó wà ní PHC wa ní Láfẹ́ńwá l'Ábẹ́òkúta, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, àdìrẹ Ìtòkú kan náà ni wọ́n ń rán. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó o. Ìfẹ́ yẹn dáa gan-an, àmọ́ ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni pé tí ìyá ọlọ́mọ bá dé láàárọ̀, tí CHEW gbé ọmọ sórí ìwọ̀n tó rí i pé kò wúwo tó, ṣé nọ́ọ̀sì á gbọ́ kí ìyá yẹn tó wọ máruwá lọ sílé? Ọ̀rẹ́ tó jọ ń jẹun lè máà sọ nǹkan yẹn fúnra wọn.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n wá fi ń wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Fọ́ọ̀mù ni, kálukú á dáhùn láìkọ orúkọ. Team Climate Inventory ti àwọn olùwádìí Anderson àti West ní ìbéèrè 38, wọ́n tún ní èyí tó kúrú tó jẹ́ 14, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ ti gbogbo èèyàn, kódà ẹni tí èrò ẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Relational Coordination ti olùwádìí Jody Hoffer Gittell. Nǹkan 7 ló ń wò: ṣé wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ déédéé, ṣé ó ń bọ́ sásìkò, ṣé ó péye, tí nǹkan bá bàjẹ́ ṣé ojútùú ni wọ́n ń wá àbí ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń lé, ṣé wọ́n mọ iṣẹ́ ara wọn, ṣé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn. Kì í bèèrè nípa lágbájá, iṣẹ́ ló ń bèèrè, torí náà agbẹ̀bí lè sọ pé àwọn tó wà nídìí káàdì kì í sọ nǹkan kan fáwọn, kí àwọn yẹn sọ pé gbogbo ẹ̀ làwọn ń sọ. Àárín ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti bára mu yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Ìbéèrè: Ṣé a ò kàn lè bi mátírọ́ọ̀nù?

Ìdáhùn: Ẹ bi í, àmọ́ ẹ má bi òun nìkan. Ta ló máa kọ́wọ́ sí i pé ọ̀gá òun kì í gbọ́rọ̀, tó bá jẹ́ ọ̀gá yẹn náà ló máa gba fọ́ọ̀mù? Ẹni tó ti ìta wá ni kó gbà á, kó sì fún agbálẹ̀ àti mégáàdì náà, àwọn ni aláìsàn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní láàbù, gbogbo ayé ló máa mọ̀ pé òun ló dáhùn, ẹ yáa kó èsì PHC bíi mélòó kan pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àròpín tàn yín: èèyàn 4 fún wọn ní máàkì 5 nínú 5, èèyàn 4 fún wọn ní 1, 3 ló máa jáde, ẹ á rò pé ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ilé ti pín sí méjì.

Ìbéèrè: Tí máàkì bá wá ga, ṣé aláìsàn ti bọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Ohun tí òṣìṣẹ́ rò ni fọ́ọ̀mù ń sọ. Ẹ fa káàdì àwọn aláboyún jáde, èyí tí láàbù kọ sí pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá agbẹ̀bí kọ ohun tó ṣe sí i sábẹ́ ẹ̀.