Dídáàbò bo ọ́kíìdì ìta lọ́wọ́ àwọn ẹran tó ń jẹ ẹ́

Ọ́kíìdì (orchid), ewéko olódòdó, tó bá wà níta, ìbáà jẹ́ nínú ìkòkò, lára igi tàbí nínú ilẹ̀, kì í pẹ́ kí ẹran tó fẹnu kàn án. Ìgbín, eku, ọ̀kẹ́rẹ́, tata àti ehoro wà lára àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ibi tó rọ̀ ni wọ́n ń wá: ìrudí òdòdó, èéhù tuntun àti ṣónṣó gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì kì í yọ ju ọ̀pá òdòdó kan tàbí méjì lọ lọ́dún, nítorí náà ìgbín kan ṣoṣo lè fi òru kan ba òdòdó ọdún kan jẹ́.

Ojú ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́ ló ń sọ bí ọ̀ràn náà ṣe le tó. Irú ọ́kíìdì tí à ń pè ní Phalaenopsis àti Vanda ń dàgbà láti orí kan ṣoṣo. Bí ẹran bá jẹ orí yìí, ewé tuntun kò ní jáde níbẹ̀ mọ́, àfi kí ọmọ hù nídìí rẹ̀. Irú ti Cattleya àti Dendrobium sàn díẹ̀, torí wọ́n ní ojú mìíràn nídìí ọ̀pá tó lè hù bí èéhù àkọ́kọ́ bá bàjẹ́.

Mímọ ẹni tó jẹ ẹ́

Ìgbín máa ń fi ipa tó ń yọ̀, tó sì ń dán, sílẹ̀ lórí ewé àti etí ìkòkò. Tata ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ewé wọnú. Eku ń gé ọ̀pá òdòdó bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í sì jìnnà síbẹ̀. Èkúté a máa yọ lẹ́búlẹ́bú àárín òdòdó jẹ, òdòdó náà á sì rọ ṣáájú àkókò rẹ̀. Bí èèpo igi tí a fi gbin ọ́kíìdì sínú ìkòkò bá dà káàkiri ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Aáyán pẹ̀lú ń jẹ ṣónṣó gbòǹgbò lóru. Kò sí àyẹ̀wò tó dà bíi kí a mú tọ́ọ̀ṣì jáde ní nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, kí a wo abẹ́ ewé àti ìdí ìkòkò.

Ìgbín

Ìgbín ńlá àti èyí tí kò ní ìkarahun rọrùn láti rí. Èyí tó ń ṣe jàǹbá ní kọ̀rọ̀ ni Zonitoides arboreus, ìgbín kékeré tí ìkarahun rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Inú èèpo igi tó ti ń jẹrà ló ń gbé, tó ń jẹ ṣónṣó gbòǹgbò títí ọ́kíìdì á fi dúró gbagidi láìdàgbà, tí a ó máa rò pé omi ni kò tó. Ẹ gé kùkúńbà tàbí ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ, ẹ fi lélẹ̀ nínú ìkòkò nírọ̀lẹ́, kí ẹ gbé e kúrò pẹ̀lú ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kí oòrùn tó mú. Ẹ tún un ṣe lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹyin á ṣì máa pa. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, àfi kí a da èèpo igi àtijọ́ nù, kí a fọ gbòǹgbò, kí a sì tún un gbìn sínú tuntun. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì: àwọn ìgbín kan ń gbé aràn tó lè ba ọpọlọ ènìyàn jẹ́.

Òwú tí a wé mọ́ ìdí ọ̀pá òdòdó ń dá ìgbín dúró, àmọ́ bó bá ti tutù, agbára rẹ̀ tán. Oúnjẹ ìdẹ tó ní èròjà iron phosphate tó ń pa ìgbín ni ó dára jù níbi tí ajá wà. A ń wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, a kì í kó o jọ. Metaldehyde, májèlé ìgbín mìíràn, lè pa ajá, wọ́n sì ti fòfin de lílò rẹ̀ níta ní Great Britain láti 2022. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Hawaii tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi tí káfíìnì (èròjà tó wà nínú kọfí) inú rẹ̀ tó ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ń pa ìgbín. Kọfí inú ife kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rárá. Iyọ̀ ńkọ́? Ó ń pa ìgbín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jó gbòǹgbò ọ́kíìdì.

Eku àti ọ̀kẹ́rẹ́

Àgò onírin ló ń kápá wọn. Ihò àwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 6 lọ bí èkúté bá wà níbẹ̀. Mìlímítà 12 tó fún eku ńlá. Wọ́n ń rún àwọ̀n oníke jẹ. Ẹ bo òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ láàárín ewé àti àwọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á jẹ ẹ́ láti ìta. Májèlé eku lè pa òwìwí tó bá jẹ òkú eku, nítorí náà pàkúté sàn jù. Omi ata ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ títí òjò á fi fọ̀ ọ́ dànù.

Kòkòrò

Ọwọ́ ni a fi ń ṣa tata, láàárọ̀ kùtù tí òtútù ṣì mú un. Ní Australia, kòkòrò Stethopachys formosa, aláwọ̀ ọsàn tó ní àmì dúdú, ń jẹ òdòdó Dendrobium, ọmọ rẹ̀ sì ń wọ inú èéhù. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ó ń já bọ́ sílẹ̀, ó sì di àwátì. Abọ́ omi ọṣẹ ni kí a kọ́kọ́ gbé sábẹ́ rẹ̀.

Ọ́kíìdì inú ilẹ̀

Cypripedium àti irú rẹ̀ tó ń hù nínú ilẹ̀ nílò ọgbà tó yí wọn ká. Fún ehoro, àwọ̀n onírin tí ihò rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, tí a sì ri sẹ̀ǹtímítà 15 mọ́lẹ̀, tó. Àgbọ̀nrín ń fo ọgbà kúkúrú. Ọgbà tiwọn gbọ́dọ̀ ga tó mítà 2.4.

Ọ́kíìdì yòówù kó jẹ́, ibi tí ẹran ti jẹ ẹ́ ni kí a fi abẹ tí a ti fi iná sun gé mọ́, kí a má sì bomi rin ín títí ojú ọgbẹ́ á fi gbẹ.